Iṣẹ́ Tí Tọ́-ọ-wò Yàn

Ìdí ààrò ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti gba orúkọ tí gbogbo wa ń pè é. Láti kékeré, bí ìyá rẹ̀ bá gbé ìkòkò méjì kaná, yóò ti ṣíbí bọ èkíní, yóò ti í bọ èkejì, bí aládùúgbò bá sì ń se tiwọn nítòsí, ṣíbí náà yóò dé ọ̀hún. Bí ìyá rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Tọ́-ọ-wò nìyẹn. Ẹ̀rín la fi ń pè é nígbà náà. Nígbà tó dàgbà tí kò jáwọ́ nínú títọ́ nǹkan wò, orúkọ náà kò kúrò lẹ́nu wa, àmọ́ àwọn kan nínú ẹbí ti sọ ọ́ di èébú, mo sì mọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Èmi ni àbúrò ìyá rẹ̀. Aránṣọ ni mí, bí ọ̀rọ̀ bá sì ṣe wà nínú mi ni mo ṣe ń sọ ọ́; ẹni tí kò bá fẹ́ gbọ́, kó di etí rẹ̀. Ọ̀dọ̀ mi ni ọmọ yìí ti kọ́kọ́ kọ́ṣẹ́. Odindi ìsinmi ilé-ìwé kan ló fi jókòó sídìí máṣínnì mi, ọwọ́ rẹ̀ yá, ojú rẹ̀ mọ ìwọ̀n, inú mi ti ń dùn pé mo rí ẹni tí yóò gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ mi. Ní ọjọ́ kan, ó tú máṣínnì náà palẹ̀ láti mọ ohun tó ń gbé abẹ́rẹ́ sókè sódò. Ó mọ̀ ọ́n, ó tò ó padà, ó dágbére fún mi, kò sì padà wá jókòó síbẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di rédíò títúnṣe. Ó di àwòrán yíyà. Ó di kó máa dìde ṣe àríyànjiyàn níwájú gbogbo ilé-ìwé. Ó wá di ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn, èyí ló sì jù nínú gbogbo rẹ̀. Ìgbà kan wà tó ti gbogbo wa mọ́ta, tó yọ ìkótí lórí mi, tó fi ṣí ilẹ̀kùn. Ó ní òun kàn fẹ́ mọ̀ bóyá olè lè wọ ilé wa ni.

"Ó lè wọ̀ ọ́," ìyá rẹ̀ dá a lóhùn, "èmi ni mo sì bí i."

Bàbá rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ó wa bọ́ọ̀sì ilé-ìwé láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ títí ó fi fẹ̀yìn tì, kò ṣe iṣẹ́ mìíràn rí, kò sì wù ú láti ṣe é. Ẹ̀gbọ́n ni èmi ń pè é. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó jẹ́ olùkọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ní ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi, ń pè é ní "Dẹ́rẹ́bà mi", òun náà ń pe ìyàwó rẹ̀ ní "Tíṣà". Bí wọ́n ṣe ń pe ara wọn látìgbà tí wọ́n ti ń fẹ́ra nìyẹn. Bí àwọn ará ilé bá ń bú ọmọ náà pé kò níbi tó ń forí lé, Ẹ̀gbọ́n á ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, pé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbóná ni. Ṣùgbọ́n bó bá ku àwọn méjèèjì, á sọ fún un pé, "Ọmọ mi, bọ́ọ̀sì kan ò lè kó ọmọ lọ sí ilé-ìwé méjì láàárọ̀ kan náà o."

Ìgbà tí Tọ́-ọ-wò gbọ́ nípa iṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà, ṣe ni ojú rẹ̀ ń dán. Ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó sórí tábìlì tí mo ti ń gé aṣọ, níbi tí mo ti kìlọ̀ fún un títí pé kó má jókòó sí.

"Àǹtí, mo ti rí i. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ràn ló wà nínú iṣẹ́ kan ṣoṣo."

"Iṣẹ́ wo nìyẹn?"

"Iṣẹ́ pé kí olè má ríbi gbà wọ inú kọ̀ǹpútà àwọn èèyàn."

"Iṣẹ́ ọlọ́dẹ nìyẹn. Sọ̀kalẹ̀ lórí aṣọ oníbàárà."

"Ó ju ọlọ́dẹ lọ, Àǹtí mi."

Ó sì jù ú lọ lóòótọ́, mo gbà fún un. Ilé-iṣẹ́ tó gbà á ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà fún àwọn báńkì àti ilé ìwòsàn. Ìlànà wọn ni pé ẹni tuntun yóò yí gbogbo ẹ̀ka ká, yóò lo oṣù díẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà yóò yan èyí tí yóò dúró sí. Àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n fọ́lé onílé pẹ̀lú àṣẹ onílé, kí wọ́n lè fi ihò tó wà lára ògiri hàn án kí olè gidi tó dé. Olè-aláṣẹ ni mo ń pè wọ́n, àwọn afọ́lé wọ̀nyí. Àwọn aṣọ́nà ń jókòó níwájú ojú kọ̀ǹpútà tó pọ̀ bí fèrèsé, wọ́n ń wò ó bóyá ẹsẹ̀ àjèjì kan ń kọjá. Àwọn olùtọpasẹ̀ ní tiwọn, ìgbà tí ilé bá ti jó tán ni wọ́n máa ń dé, wọ́n á máa tú eérú wò láti mọ ẹni tó tiná bọ̀ ọ́. Àwọn kan tún wà tí wọ́n ń lọ láti ilé-iṣẹ́ dé ilé-iṣẹ́ láti kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ pé kì í ṣe gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ tó bá wọlé là ń ṣí wò. Ẹ̀ka kan kù nísàlẹ̀ ilé, níbi tí òtútù ti ń mú bí ìgbà tí èèyàn wà nínú fíríìjì, tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹ̀dà gbogbo nǹkan nítorí ọjọ́ ibi. Ibẹ̀ ni wọ́n fi ṣe ìparí, kò sì sẹ́ni tó ń kánjú dé ibẹ̀.

Wàhálà wá dé. Gbogbo ẹ̀ka tó dé ló dùn mọ́ ọn, gbogbo wọn ló sì fẹ́ kó dúró. Lọ́dọ̀ àwọn afọ́lé, ọwọ́ tó fi ń ṣí kọ́kọ́rọ́ wúlò. Lọ́dọ̀ àwọn olùtọpasẹ̀, ojú tó fi ń tú máṣínnì palẹ̀ wúlò. Ẹnu àríyànjiyàn rẹ̀ sì rèé, bó bá ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́, wọn kì í fẹ́ kó parí. Á wá bá mi, á gbé orí lé tábìlì náà, á máa kérora bí ẹni tí eyín ń dùn.

"Ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo," mo wí.

"Ọ̀nà kan ò wọjà, Àǹtí," òun náà wí.

Bí a ṣe ń ju òwe lura wa nìyẹn, a ò sì yan nǹkan kan.

Àárín ìgbà tó ń yí ẹ̀ka ká yìí ni àìsàn dá ẹ̀gbọ́n mi dùbúlẹ̀. Mi ò ní sọ púpọ̀ nípa àìsàn náà. Òun fúnra rẹ̀ mọ̀ pé òun ò ní dìde, ó sì ti rí nǹkan mìíràn tí àwa ò tíì fẹ́ rí: orí ọkọ rẹ̀ ti ń gbàgbé. Ẹ̀gbọ́n ti ń fi kọ́kọ́rọ́ sínú ìkòkò. Ó ti jáde lọ ra búrẹ́dì, àwọn èèyàn ló mú un padà wálé láti ibi tí bọ́ọ̀sì ilé-ìwé ti máa ń dúró láyé àtijọ́. Ni ẹ̀gbọ́n mi bá gba fóònù ọkọ rẹ̀, ó ń gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí èémí rẹ̀ bá ṣe gbà á láyè mọ. Ti òwúrọ̀ wà níbẹ̀, ti oúnjẹ wà níbẹ̀, ti oògùn wà níbẹ̀, ti ìgbà tí ilẹ̀ bá ṣú. Ohùn tó fi ń sọ fún àwọn ọmọ kéékèèké pé kí wọ́n lọ fọwọ́, tí wọ́n á sì dìde láìjiyàn, ohùn náà ló fi sọ ọ́.

"Dẹ́rẹ́bà mi, ilẹ̀ ti mọ́. Ẹ dìde. Sálúbàtà yín wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ fẹsẹ̀ wá a. Ẹ lọ wẹ̀, omi ò tutù. Mo wà níbí."

Lẹ́yìn tí a sin ín tán, mo lọ síbẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mi ò mọ nǹkan kan. Mo gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n mi nínú yàrá. Ògiri ni mo dì mú. Ẹ̀gbọ́n jáde pẹ̀lú táwẹ́lì léjìká, ó kí mi, ó ní, "Aránṣọ, o ti dé? Tíṣà ní kí n lọ wẹ̀." Ó sì wẹ̀. Ó jẹun. Ó lo oògùn. Lọ́jọ́ mìíràn, ó máa ń mọ̀ pé ìyàwó òun ti kú. Lọ́jọ́ mìíràn, kì í mọ̀. Ṣùgbọ́n lójoojúmọ́ ló mọ ẹni tó ń bá òun sọ̀rọ̀. Bí orí rẹ̀ bá fẹ́ lọ jìnnà, fóònù yẹn ló ń pè é padà. Ohun tí a ní nìyẹn. A ò ní òmíràn.

Lẹ́yìn náà, ẹnì kan pe Ẹ̀gbọ́n, ó ní báńkì lòun ti ń pè. Ohùn rẹ̀ tutù, ó ń kí i lẹ́yìn gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gbọ́n ti ń ka nọ́ńbà ẹ̀yìn káàdì rẹ̀ fún un kí ọmọ rẹ̀ tó wọlé, tó sì já fóònù gbà. Ẹni náà ò rí nǹkan kan mú lọ, ṣùgbọ́n àyà Tọ́-ọ-wò já. Lọ́dọ̀ àwọn afọ́lé ló sì wà lásìkò yẹn, ojú wọn ló fi ń wo gbogbo ayé. Bó bá wọ ṣọ́ọ̀bù mi báyìí, kó tó kí mi, á ti sọ ibi tí olè lè gbà wọlé fún mi. Ó jókòó ti fóònù bàbá rẹ̀ bíi dókítà tó fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ. Ó dí gbogbo ojú ọ̀nà tí nǹkan inú fóònù náà lè gbà jáde lọ síbòmíràn.

"Ohùn ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́?" mo bi í. "Ṣé kò yẹ kí ẹ̀dà rẹ̀ wà níbì kan?"

"Ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan, ilẹ̀kùn kan ni, Àǹtí. Ẹni tó bá ní ilé méjì, ibi méjì ni olè ti lè jà á." Ó wo ojú mi, ó rọ ohùn. "Tí mo bá ti ráyè, màá wá ibi tó dájú, màá fi ọ̀kan síbẹ̀."

Kò ráyè. Àtàǹpàkò bàbá rẹ̀ ló fi ṣe kọ́kọ́rọ́ fóònù náà, ìyẹn rọrùn, Ẹ̀gbọ́n kàn ń fọwọ́ kàn án ni. Ṣùgbọ́n ó fi pásíwọ́ọ̀dù gígùn kan tí òun nìkan mọ̀ sẹ́yìn àtàǹpàkò, èyí tí fóònù máa ń béèrè nígbàkígbà tó bá kú tó sì tún jí. Ó wá fi ọ̀kan sí i: bí ẹnì kan bá ń ṣi pásíwọ́ọ̀dù náà tẹ̀ léraléra, kí fóònù náà pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́, kí olè má bá nǹkan kan. Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi pẹ̀lú ìdùnnú. Mo yìn ín. Ta ni kò ní yin ọmọ tó ń dáàbò bo bàbá rẹ̀?

Mo gbé ṣòkòtò kan tí mo bá Ẹ̀gbọ́n fún nídìí lọ síbẹ̀ ní òwúrọ̀ kan. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì nínú aṣọ tó fi sùn, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Iná tán nínú rẹ̀ mọ́jú, ó kú, Ẹ̀gbọ́n fi sẹ́nu iná, ó jí, ó sì béèrè pásíwọ́ọ̀dù. Ẹ̀gbọ́n ṣàlàyé fún mi bí ọmọ tó ṣe iṣẹ́ ilé rẹ̀ dáadáa. Ó ti fi nọ́ńbà bọ́ọ̀sì rẹ̀ tẹ̀ ẹ́, kò gbà. Ó fi orúkọ Tíṣà, kò gbà. Ó fi orúkọ ọmọ, kò gbà. Fóònù ní kó dúró fún ìgbà díẹ̀ kó tó tún gbìyànjú, ó sì dúró. Kí ni dídúró sí ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ dúró de ọmọ ọlọ́mọ lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé? Fóònù tún ní kó dúró pẹ́ ju tàkọ́kọ́ lọ, ó tún dúró. Ó gbé e sókè sí mi báyìí, ojú fóònù náà funfun, ó mọ́ kedere.

"Aránṣọ, wò ó. Ó ti ń kí mi káàbọ̀."

Lóòótọ́ ló ń kí i. Oríṣiríṣi èdè ló fi ń kí i káàbọ̀, bó ṣe máa ń kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á.

Mo pe Tọ́-ọ-wò, mo pè é títí. Àwọn afọ́lé kì í mú fóònù wọ inú yàrá tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́. Inú àpótí kan lẹ́nu ọ̀nà ni wọ́n ń kó gbogbo rẹ̀ sí. Ìgbà tí wọ́n jáde láti jẹun ọ̀sán ló pè mí padà. Mo ṣàlàyé.

"Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀, Àǹtí? Ẹ kà á fún mi."

Mo kà á. Mo ń gbọ́ ariwo àwọn tó ń jẹun lẹ́yìn rẹ̀, ẹnì kan ń rẹ́rìn-ín, ẹnì kan ń béèrè omi. Mo ń pè é lórúkọ.

Ó gbé fóònù náà lọ sọ́dọ̀ olórí àwọn olùtọpasẹ̀, ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Awo-Eérú nítorí pé kò sí ohun tó jó tí kò ní rí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ọkùnrin náà fi iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ láti tú u wò. Nígbà tó dá a padà, kò lè wo ojú rẹ̀. Ó ní, "Mo máa ń rí àṣìṣe kékeré kan tí ẹni tó tì í ṣe, ibẹ̀ ni mo máa ń gbà wọlé. Ìwọ ò ṣe àṣìṣe kankan. O tì í dáadáa." Ó fẹ́ fi tù ú nínú ni, ènìyàn dáadáa ni. Ṣùgbọ́n ọmọ náà sọ fún mi pé nínú gbogbo ìyìn tí wọ́n ti yin òun látìgbà tí wọ́n ti bí òun, kò sí èyí tó dun òun tó ìyẹn.

Ẹbí pé jọ, àwọn tí kò wá wo Ẹ̀gbọ́n láti ọjọ́ yìí wá rántí ọ̀nà ilé rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkùnrin tí bàbá Tọ́-ọ-wò ní ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní ohun tí òun ti ń wí nìyí, pé ọmọ tó ń bù díẹ̀ níhìn-ín, bù díẹ̀ lọ́hùn-ún, kò ní mọ ọ̀kan délẹ̀, ẹ sì wo ohun tó dá sílẹ̀. Inú bí mi débi pé mo dìde dúró.

"Èyí tó mọ̀ délẹ̀ ló ṣe é!" mo wí. "Ká ní ó gọ̀ díẹ̀ sí i ni, ohùn ẹ̀gbọ́n mi ì bá ṣì wà níbẹ̀!"

Ìyàwó ọkùnrin náà fẹ́ pa iná ọ̀rọ̀ náà, ó ní ká má bínú, omi ló dànù, agbè ò fọ́. Mo ní, "Omi yẹn gan-an là ń mu." Tọ́-ọ-wò jókòó sí kọ̀rọ̀, kò gbèjà ara rẹ̀, òun tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi.

Ẹ̀gbọ́n kò dìde wẹ̀ mọ́. Bí a bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, á ní òun ń dúró de Tíṣà. Ẹ̀gún irùngbọ̀n hù sí i lẹ́rẹ̀kẹ́, aṣọ tó fi sùn kò kúrò lára rẹ̀. Ó bi mí lọ́jọ́ kan pé ìyàwó ta ni mí. Lásìkò yìí kan náà ni ọ̀gá obìnrin níbi iṣẹ́ pe Tọ́-ọ-wò sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ó bá a kẹ́dùn, lẹ́yìn náà ó sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún un. Ó ní gbogbo ẹ̀ka ló ń béèrè rẹ̀, àmọ́ àga tí wọ́n fi sílẹ̀ dè é kò lè ṣófo títí ayé, kó yan ọ̀kan kí oṣù tó parí.

Kò bá mi sọ̀rọ̀ iṣẹ́ nígbà tó wá. Ìdúró ló wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, kò tilẹ̀ wo ọ̀nà tábìlì.

"Àǹtí, ohùn yín àti ti Màámi, ọ̀kan náà ni."

Òótọ́ ni. Ọkọ mi gan-an ti ṣì wá mú lórí fóònù rí, ó sọ ọ̀rọ̀ tó yẹ kó sọ fún mi fún ẹ̀gbọ́n mi, ọdún bíi mélòó ni a fi ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo mọ ibi tí ọmọ náà ń lọ kó tó dé ibẹ̀, mo sì kọ̀. Mo ní mi ò lè gba ẹnu òkú sọ̀rọ̀. Mo ní kó má bẹ̀ mí. Kò bẹ̀ mí, ó kàn dúró síbẹ̀, ojú rẹ̀ sì ti rù bíi ti bàbá rẹ̀.

Inú yàrá kékeré tí àwọn oníbàárà ti ń wọ aṣọ wò ni a ti gba ohùn mi sílẹ̀ nígbà tí mo gbà fún un, láàárín àwọn aṣọ tó kọ́ dà sílẹ̀, kí ariwo títì má bàa wọlé. Gbogbo ọ̀rọ̀ náà wà lórí mi. "Dẹ́rẹ́bà mi, ilẹ̀ ti mọ́." Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo tún un bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo sọ pé "mo wà níbí", irọ́ ni mo ń pa pẹ̀lú ohùn ẹni tí kì í purọ́.

A tẹ̀ ẹ́ fún un ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹ̀gbọ́n gbé orí sókè. Ẹ̀rín yọ díẹ̀díẹ̀ lójú rẹ̀, ó fẹsẹ̀ wá sálúbàtà rẹ̀ nílẹ̀, Tọ́-ọ-wò di ọwọ́ mi mú. Lẹ́yìn náà Ẹ̀gbọ́n dá ẹsẹ̀ dúró. Ó tẹ́tí sí i dé òpin. Ó mi orí.

"Aránṣọ nìyẹn," ó wí. "Àbúrò ìyàwó mi. Kí ló dé tó ń sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀?" Ó wá wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan. "Tíṣà dà?"

Ẹni tí kò mọ ìyàwó ẹni tí mo jẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó mọ ohùn mi yàtọ̀ sí ti ìyàwó rẹ̀, ohùn tí ọkọ mi kò mọ̀ yàtọ̀. Tọ́-ọ-wò kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó sọ fún un pé Màámi ti kú. Ẹ̀gbọ́n sunkún bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé òkú wọlé dè. Mo ti sunkún ẹ̀gbọ́n mi tán, mo rò pé mo ti sunkún rẹ̀ tán, mo tún bẹ̀rẹ̀.

Kí oṣù náà tó parí, Tọ́-ọ-wò lọ bá ọ̀gá rẹ̀, ó ní ìsàlẹ̀ lòun fẹ́ lọ, lọ́dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀dà. Ọ̀gá náà rò pé òun ò gbọ́ dáadáa. Ó ní kò tíì dé ẹ̀ka yẹn rárá, báwo ló ṣe lè yan ohun tí kò tọ́ wò? Ó ní iṣẹ́ tí kò sẹ́ni tó ń yin èèyàn sí ni, bó bá lọ dáadáa, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Tọ́-ọ-wò ní ìyẹn tó òun.

Èmi náà bá a jà. Mo ní kó má fi ìbànújẹ́ yan iṣẹ́, pé ìbànújẹ́ kì í ṣe olùdámọ̀ràn, pé ìyá rẹ̀ kò ní fẹ́ kó lọ jókòó sínú òtútù níbi tí ẹnu rẹ̀ àti ọwọ́ rẹ̀ kò ní wúlò. Ó gbọ́ mi títí. Ó ní, "Àǹtí, nínú gbogbo wọn, ìyẹn nìkan ló lè dá nǹkan padà." Mi ò rí òwe kan jù sí i. Títí di òní, mi ò mọ̀ bóyá ó yàn án dáadáa. Àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní ó mọṣẹ́. Ohun tí èmi mọ̀ ni pé kò tú nǹkan kan palẹ̀ mọ́ láti fi ṣeré, kò ya àwòrán mọ́, bí kọ́kọ́rọ́ bá sì há sí wa lọ́wọ́, ẹlòmíràn là ń pè.

Ẹ̀gbọ́n kò yé béèrè. Láràárọ̀, bó bá ti lajú, á ní, "Tíṣà dà?" Mo gba ọmọ náà nímọ̀ràn pé kó sọ fún un pé ó rìnrìn àjò. Ó kọ̀, ó ní òun ò tún ní ti ilẹ̀kùn kankan mọ́ bàbá òun. Á jókòó tì í, á di ọwọ́ rẹ̀ mú, á sọ òótọ́ fún un, Ẹ̀gbọ́n á sunkún, òun náà á sunkún, lẹ́yìn náà á mú un lọ wẹ̀ fúnra rẹ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́. Kò sí òwúrọ̀ tó fò. Mo máa ń ronú pé èyí á pa ọmọ náà.

Mo wà níbẹ̀ ní òwúrọ̀ tí ó yípadà. Ẹ̀gbọ́n jí, ó mu tíì, ó dìde fúnra rẹ̀ lọ sí balùwẹ̀, ó jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ wẹ òun láìjiyàn. A wọ aṣọ fún un, ó tún jókòó, ó ń wo fèrèsé. Tọ́-ọ-wò ń ya irun rẹ̀, ó ń yà á jẹ́jẹ́, ó ń dúró de ìbéèrè náà, mo rí i pé ó ń dúró dè é. Irun ti tẹ́ tán, ó ṣì ń yà á.

"Bàbá," ó wí nígbà tó yá, "ẹ ò béèrè Tíṣà lónìí."

"Tíṣà wo?"

"Tíṣà yín. Màámi."

Ẹ̀gbọ́n yíjú sí i. Ó rẹ́rìn-ín sí i, irú ẹ̀rín ọ̀wọ̀ tó máa ń rín sí àwọn òbí tí kò mọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀sì.

"Ẹ má bínú," ó ní, "mi ò mọ̀ wọ́n."

Tọ́-ọ-wò gbé kóòmù sílẹ̀, ó sì rìn jáde lọ sí ilé ìdáná. Mo tẹ̀ lé e. Mo bá a níbi tó ti dojú kọ ògiri, mo dì í mú láti ẹ̀yìn.

"Àǹtí," ó wí, "ó sàn nígbà tí Bàbá ń sunkún."